Wáyà Tó Gba Òkè Àjà Dé Yàrá Màmá

Ní ilé ọkọ mi ní Ìlọrà, àga kan wà ní pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Àga onípákó ni, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà, tìmùtìmù orí rẹ̀ sì ti jìn sí apá kan. Ìyá ọkọ mi ló ni ín. Láti orí àga yẹn ni Màmá ti ń rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ibẹ̀ ló ti ń parí ìjà agboolé, ibẹ̀ náà ló ti ń wo tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́, tí yóò sì máa bá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wí bí ẹni pé ìyàwó ilé wa ni gbogbo wọn.

Bàbá, ọkọ rẹ̀, ní àga tirẹ̀ ní òdìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Bàbá. Bí Màmá bá sọ ogún ọ̀rọ̀, Bàbá á ní “Hùn,” ó parí nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé náà, mo rò pé ariwo ìyàwó rẹ̀ ló sú u tí kì í fi í dáhùn. Ìyàwó tuntun kì í mọ nǹkan kan.

Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú náà, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wálé. Ọmọ Fìdítì ni mí, kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n bí ilé bàbá ẹni tilẹ̀ wà lẹ́yìn odi, ìyàwó ni ìyàwó ń jẹ́. N kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí mo bá nílé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rá. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń ránṣọ ní iwájú ilé, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán. Títí di òní yìí, n kò tíì fi ẹnu mi pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, Màmá ń sáré lọ kó ata tó sá síta kí òjò má baà bà á jẹ́. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn, pálọ̀ wà níwájú, àgbàlá ló wà láàárín wọn, òrùlé kan náà ló sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Àtẹ̀gùn méjì péré ló ti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ bọ́ sí àgbàlá, òjò sì ti sọ wọ́n di ohun tó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo wà ní ìdí ààrò nígbà tí mo gbọ́ ọ, igbe kan ṣoṣo ló ké, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí pé Màmá kì í dákẹ́.

Egungun itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Bàbá kan láti Akínmọ̀rìn tó mọ egungun tò, tí wọ́n máa ń gbé wá lórí máṣìnnì, ló bá wa tò ó. Ó fi ọparun dì í, ó fi ewé àti òrí sí i, ó ní Màmá kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí òun yóò fi sọ pé ó tó.

Bí Màmá ṣe di ẹni tó ń dùbúlẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á péjọ sí pálọ̀ bí a ti ń ṣe, ẹ̀rín á máa ta láti iwájú, òun á sì wà lẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ́ ẹ̀rín, kò ní mọ ohun tí a ń rín. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, á ní, “Ìyàwó, kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí?” Màá rò ó fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí wọ́n bá rò fún ni kì í pa ni lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ní ọjọ́ kan, ó kọjú sí ògiri, ó ní, “Máa gbé e lọ, Ìyàwó. Kò wù mí.”

Ẹ̀rù bà mí. Inú sì bí mi, torí àwọn aládùúgbò tó ń wá kí i ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, irú ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ. Obìnrin kan dúró sí àgbàlá wa, ó ní àgbà tó bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, ká kàn máa tọ́jú rẹ̀ ni. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Mọ̀ọ́mì, a ti ń tọ́jú wọn, ẹ máa lọ tọ́jú ti yín.” Eyínfúnjowó ní ẹnu mi yóò pa mí lọ́jọ́ kan. Kò tíì pa mí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò gbé tẹlifíṣọ̀n lọ bá Màmá. Pálọ̀ ni àwọn àlejò Bàbá ń jókòó sí, àwọn àgbà ọkùnrin kò sì ní wọ yàrá obìnrin lọ wo ìròyìn. Bàbá fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá náà ló máa ń dúró sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. “Ṣé o jí ire?” “A dúpẹ́.” Á dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà ní ẹnu rẹ̀, á sì padà síwájú. Láyé tiwọn, aya ló ń lọ bá ọkọ ní ibi tí ọkọ bá jókòó sí. Kí bàbá arúgbó wá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ọmọ àti ìyàwó ọmọ máa kọjá, ojú yóò tì í kú.

Èmi ní tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí mo gbé wá láti ilé bàbá mi. Mo gbé e lọ sí yàrá Màmá. Kò mú nǹkan kan, ó kàn ń hó ṣáá, ojú rẹ̀ sì kún fún àwọn nǹkan wínníwínní. Áńténà tó dára nínú ilé, ọ̀kan ṣoṣo ni, orí òpó irin gíga níwájú ilé ló wà. Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn, bí a bá fẹ́ ta wáyà tuntun, a ó lu ògiri. Ògiri ilé náà sì jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, ìṣó lásán ń là á. Bàbá kì í jẹ́ kí a kan ìṣó kàlẹ́ńdà mọ́ ọn.

Bí mo ti jókòó tí mò ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń hó yẹn, mo gbójú sókè. Ní kọ̀rọ̀ àjà, wáyà dúdú kan yọ jáde láti inú ihò, ó lọ́ bí ìkọ́ lẹ́nu. Agboòrùn Màmá ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbá yàrá yẹn, n kò fojú sí i rí.

“Màmá, wáyà kí nìyí?”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ló ta á síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ páànù,” ló dá mi lóhùn láìyíjú padà. “Ó ní tí òun bá wálé, inú yàrá mi lòun yóò ti máa wo tẹlifíṣọ̀n òun. Mo ní tẹlifíṣọ̀n kò ní bá mi sùn. Mo wá fi gbé agboòrùn kọ́.”

Bàbá mi ní Fìdítì, iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ló fi tọ́ wa. Mo mọ wáyà áńténà dáadáa. Bí ènìyàn bá bó awọ dúdú òde rẹ̀, yóò bá àwọ̀n irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ àwọ̀n náà ni ọ̀rá funfun, àárín ọ̀rá funfun náà sì ni okùn bàbà kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán lọ. Àwọ̀n òde kò gbọdọ̀ fara kan okùn àárín. Yàtọ̀ sí èyí, wáyà kì í gbó lásán. Bí èyí bá ti yọ sí yàrá Màmá, a jẹ́ pé ìdí rẹ̀ kejì wà lókè pálọ̀, ó ti ń dúró dè wá láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ fún un. Ó dùn mọ́ ọn nínú, ó gbé àkàbà, ó ti orí bọ ihò àjà, èjìká kò wọ̀ ọ́. Jíjẹ oúnjẹ ìta ní Ìbàdàn ti sọ ọ́ di ẹni ńlá. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, èmi ni màá gùn ún.

Eyínfúnjowó di ẹnu mú. “Ìyàwó wa, orí Bàbá lo fẹ́ gùn?”

Òótọ́ ló sọ, ó sì mú mi dúró. Òkè pálọ̀ ni wáyà náà gbà, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àga Bàbá wà. Kí ìyàwó ilé máa rìn lórí àjà, kí bàbá ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kì í ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ fún Bàbá pé, “Ẹ dìde níbẹ̀.” Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà, mo sì dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ láìsọ ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe. Bàbá wo òkè àjà, ó wo àga tó ṣófo lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

“Hùn,” ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìjọsìn dé ni Bàbá bọ́ aṣọ ńlá, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó mú àdá. Ó ní, “Mò ń lọ sóko.” Gbogbo wa wo ara wa. Díákónì ni Bàbá ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò lọ sóko lọ́jọ́ Ìsinmi rí. Kò sì lọ. Ó rékọjá títì, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn tó wà ní òdìkejì, ó gbé àdá lé orúnkún, ó kẹ̀yìn sí ilé. Ọ̀rọ̀ yé mi. Kò sí orí ẹnikẹ́ni lábẹ́ àjà mọ́. Mo fi ṣòkòtò ọkọ mi sábẹ́ ìró, mo gun àkàbà.

Ooru páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná lókè yẹn. Ìgbẹ́ àdán ń ta sí mi nímú. Mo ń fàyà fà, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì, mò ń tẹ̀ lé wáyà láti orí igi dé orí igi, títí mo fi bá ibi tí eku ti jẹ ẹ́, ó kù díẹ̀ kó já. Mo gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo so bàbà mọ́ bàbà, mo fi rọ́bà dì í, mo wá so àwọ̀n mọ́ àwọ̀n, mo tún fi rọ́bà dúdú dì í lé e lórí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Eyínfúnjowó rín mi dé ibi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní mo jọ iwin.

Èyí tó kù rọrùn. Wáyà tó ti orí òpó bọ̀, mo tì í bọ ẹ̀yìn fídíò tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀. Láti ara fídíò, ó wọ inú irin kékeré ẹlẹ́nu mẹ́ta kan tí bàbá mi fún mi. Ẹnu kan lọ sára tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ẹnu kejì gba wáyà tó gba òkè àjà lọ sí yàrá Màmá. Ohunkóhun tí pálọ̀ bá ń wò, ì báà jẹ́ fídíò, ì báà jẹ́ ìròyìn, òun náà ni yóò máa lọ sẹ́yìn. Mo sáré lọ sí yàrá, mo gbé agboòrùn kúrò, mo na ẹnu wáyà tó ti lọ́, mo tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kékeré mi. Ó hó díẹ̀. Àwòrán wá dúró: ẹgbẹ́ akọrin kan ni, gbogbo wọn wọ aṣọ gígùn, wọ́n ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún.

Màmá yíjú kúrò lára ògiri. Ó wò wọ́n títí.

“Ta ló rán aṣọ yẹn fún wọn?” ló wí. “Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Wọn kò ní dígí ni?”

Mo jáde sí àgbàlá, mo sunkún. Ayọ̀ ni. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí Màmá dá láti ọjọ́ tó ti ṣubú nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ àmàlà rẹ̀ tán, ó ní iyọ̀ kò tó.

Láti ìgbà náà ni ilé ti padà di ilé. Bí ẹ̀rín bá ta níwájú, yóò ta lẹ́yìn. Bí Màmá kò bá fẹ́ ohun tí pálọ̀ ń wò, á ké láti orí bẹ́ẹ̀dì, “Ẹ yí i padà o!” Bàbá á ní, “Hùn,” kò sì ní yí i. Àwọn obìnrin agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó sí yàrá Màmá dípò pálọ̀, torí àsọyé rẹ̀ dùn ju eré lọ. Bí iná bá lọ, àsọyé kì í lọ. Mo ń gbéra ga díẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ní ilé ìwé, mo ti sọ ọ̀rọ̀ wáyà náà fún gbogbo tíṣà.

Egungun so. Bàbá tó ń to egungun tú ọparun, ó fún Màmá ní ọ̀pá, Màmá dìde, ó rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti rí àtẹ̀gùn méjì yẹn. Ó wò wọ́n, ó yí padà, ó lọ jókòó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. A ní kò burú, ó di ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn dé, bákan náà ni. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé bẹ́ẹ̀dì.

“Egungun ti so,” ni bàbá Akínmọ̀rìn sọ fún mi nígbà tó ń gun máṣìnnì. “Ọkàn ló kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn o. Ẹsẹ̀ tí kò bá rìn, tó bá yá, á gan mọ́ ibi tó wà.”

Mo wọlé lọ bẹ Màmá. Ó rẹ́rìn-ín. “Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní pálọ̀, Ìyàwó? Pálọ̀ ti wá bá mi níbí.” Àwọn obìnrin tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rín. Mo gbójú sókè wo wáyà tó yọ ní kọ̀rọ̀ àjà, ó sì dà bí ẹni pé èmi ni mo fi í de Màmá mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó mú un jẹun ni kò jẹ́ kó dìde. Bí mo bá gé e, á padà kọjú sí ògiri. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi gan. N kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe, n kò sì rí oorun sùn dáadáa nítorí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń gbé omi fún Bàbá, mo sọ ọ́ jáde. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé wáyà tí mo ta yìí ni kò jẹ́ kí Màmá rìn mọ́.” Bàbá mu omi rẹ̀ tán. Ó wo àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

“Hùn,” ló wí.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Eyínfúnjowó yá kásẹ́ẹ̀tì eré tuntun kan wálé láti Fìdítì. Nínú eré náà, ìyàwó àgbà kan sọnù, wọ́n ní ó ti kú, wọ́n pín ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ẹbí péjọ láti ta ilé rẹ̀, obìnrin náà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun mọ ẹni tó ti òun sódò. Ó na ọwọ́. Mo wà ní yàrá Màmá, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo ti gbàgbé ẹ̀wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà la ẹnu, àwòrán bá lọ.

Kì í ṣe iná ló lọ. Tẹlifíṣọ̀n ń hó, àwọn nǹkan wínníwínní kún ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń gbọ́ eré náà láti iwájú, ariwo sọ ní pálọ̀, àwọn ènìyàn ń ní, “Háà! Òun kọ́!”

“Ta ni?” Màmá ké. “Ẹ̀yin ará iwájú, ta ni?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe Eyínfúnjowó lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú oríkì. A kò gbọ́ nǹkan kan àfi eré tó ń lọ. Mo dìde láti lọ wò ó.

“Jókòó,” ni Màmá wí. “Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mú ọ̀pá mi wá.”

Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo tẹ̀ lé e, abọ́ ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní orí àtẹ̀gùn ó dúró. Mo na ọwọ́ kan sí i. Ó ní, “Má dì mí mú, inú ń bí mi.” Ó gbé ọ̀pá sísàlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ó gbé èkejì. Ó wà lórí ilẹ̀ àgbàlá. Ó ń kùn ní gbogbo ọ̀nà, pé ilé tí òun fi ọwọ́ òun kọ́, pé àwọn ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn òun pọ̀n. Mo ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Nígbà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, gbogbo wọn yíjú sí i. Eyínfúnjowó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹnu wáyà dúdú náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fà á yọ kúrò lára irin ẹlẹ́nu mẹ́ta náà. Kò fi í pa mọ́.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ni Màmá wí, “ṣé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́?”

Bàbá kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ àti èyí tí kò ṣẹ́. Ó wá wo ojú rẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí. “Ó ti sú mi láti máa dá jókòó níbí.”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà, n kò gbọ́ kí Bàbá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Màmá rìn dé ìdí àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbọn tìmùtìmù, ó jókòó síbi tó ti jìn yẹn.

“Ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn,” ló wí. “Mi ò rí ẹni tó na ọwọ́ sí.”

Eyínfúnjowó dá a padà. A jọ wò ó, pálọ̀ kún fọ́fọ́, Màmá sì ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé àbúrò obìnrin náà ló tì í sódò. Bàbá ní, “Hùn.” Nígbà tí mo lọ gbá yàrá Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti yọ wáyà náà kúrò lára tẹlifíṣọ̀n kékeré mi, agboòrùn Màmá sì tún ti wà ní kíkọ́ sẹ́nu wáyà náà bíi tàtijọ́.